Ojú Ọmọ Tó Tètè Dé

Bí ìyá kan ní Ìdímù, l'Ékòó, bá bímọ nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù méje, ó ṣòro kí ọjọ́ ìkómọ tó pé kí àgbàlagbà kan má ti sọ fún un pé ọmọ olóṣù méje máa ń yè, pé tolóṣù mẹ́jọ ni kí èèyàn máa bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ẹni tó ń sọ ọ́ kò sì ní ibi nínú. Ṣùgbọ́n ara ọmọ kò gbọ́ ìṣirò yẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá lò sí i nínú ilé-ọmọ ló ń fi kún agbára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ àti ojú rẹ̀; ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ 34 sàn ju ẹni tó lo 30 lọ. Yàtọ̀ sí èyí, yíyè nìkan ni ìtùnú náà dá lé. Ojú tí ọmọ yóò máa fi wo ayé tó yè sí kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Iye àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kéré. Oyún tó pé jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Ẹni tí wọ́n bá bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Lọ́dún 2020, àwọn tí wọ́n bí báyìí káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 13.4, ìyẹn bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Nàìjíríà wà ní ipò kẹta, lẹ́yìn Íńdíà àti Pakistan, pẹ̀lú ọmọ bí 774,000. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí Ìdímù wà nínú rẹ̀, ti ní ju mílíọ̀nù 1.2 èèyàn lọ, àwọn ilé tuntun kò sì tíì dẹ́kun à ń kọ́ láti ìgbà náà. Ìgándò ni ilé-ìwòsàn ìjọba tó tóbi ládùúgbò náà wà. Bí ọmọ bá kéré jù tàbí tí mímí rẹ̀ kò já geere, àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, LASUTH n'Íkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ni wọ́n máa ń darí ìyá sí.

Nígbà kan, ọmọ tí kò tó kílò kan àbọ̀ kì í sábà pẹ́ láyé nílẹ̀ wa, torí náà kò sẹ́ni tó ráyè béèrè bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ìgbà ti ń yí padà. Ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, lọ́dún 1978, Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ kékeré sí àárín ọmú, ara sí ara, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru kò tó wọn. Ọ̀nà yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè ní kangaroo. Nígbà tí wọ́n dán an wò láti kété tí ọmọ bá ti wáyé, ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, ilé-ìwòsàn kan ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára márùn-ún tí wọ́n lò. Àbájáde rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé ikú àwọn ọmọ náà dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọ tó ń yè ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ wá kan ojú.

Ọ̀nà méjì ni àìpé oṣù fi ń dé bá ojú ọmọ. Ọ̀kan yára: láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbí, ó lè fọ́ ọmọ lójú pátápátá. Èkejì lọ́ra: ọdún ló ń gbà, kì í sábà fọ́jú, ṣùgbọ́n ó lè sọ ọmọ di ẹni tó ń wo nǹkan bàìbàì láìmọ̀ pé àwọn yòókù kò rí i bẹ́ẹ̀. Èyí tó yára ni àwọn dókítà ń pariwo, ó sì yẹ kí wọ́n pariwo rẹ̀. Èyí tó lọ́ra ni òbí kì í gbọ́, òun gan-an sì ni ọmọ tó pọ̀ jù máa ń gbé délé.

Kí a kọ́kọ́ mú èyí tó yára. Awọ kan wà tó tẹ́ sínú ẹ̀yìn ẹyinjú, rẹ́tínà lorúkọ rẹ̀, òun ló ń gba àwòrán ohun tí a ń wò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín nígbà tí oyún bá tó bí ọ̀sẹ̀ 16, ó sì ń nà lọ sí etí bí ìgbà tí ìjọba ń fa páìpù omi ẹ̀rọ láti ojú títì wọ àdúgbò: ojúlé tó wà lẹ́bàá títì ló kọ́kọ́ rí omi, òpópó tó wà lọ́hùn-ún ló ń kẹ́yìn. Apá rẹ́tínà tó kọjú sí etí ọmọ kì í rí ẹ̀jẹ̀ tán àfi ìgbà tí oyún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 40. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28, páìpù tirẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń fa iṣan náà síwájú ni pé ọ́síjìn kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wà nínú oyún. Àìtó yẹn ló ń mú kí rẹ́tínà máa ránṣẹ́ pe ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá wá bí ọmọ, tí wọ́n sì fún un ní ọ́síjìn àpọ̀jù torí pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gbó, rẹ́tínà kò ránṣẹ́ mọ́, iṣan sì dúró síbi tó dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ ti ń tóbi, apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ti ń pòǹgbẹ ọ́síjìn, ó wá ránṣẹ́ jù. Iṣan tuntun á máa hù ségesège, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á máa di àpá, àpá á sì máa fa rẹ́tínà títí yóò fi ṣí kúrò lára ògiri ẹyinjú.

Theodore Terry, dókítà ojú kan ní Boston, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn yìí lọ́dún 1942. Lọ́dún 1951, Kate Campbell ní Melbourne, Ọsirélíà, nawọ́ ìfura sí ọ́síjìn, ìwádìí ńlá tí àwọn ilé-ìwòsàn Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ ṣe lẹ́yìn náà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí wọ́n tó mọ èyí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti fọ́jú. Stevie Wonder, tí àwọn àgbà Èkó ti fi orin rẹ̀ jó dáadáa, wà lára wọn. Ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n ti bí i ní oṣù Karùn-ún ọdún 1950, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Ó dáa kí òbí dúró díẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lo bí ọ̀sẹ̀ 34. Kì í ṣe ọmọ tó kéré jọjọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ọmọ tó lo ọ̀sẹ̀ 34 tó sì ju kílò kan àbọ̀ lọ, wọn kì í yẹ ojú rẹ̀ wò nítorí àrùn yìí, torí pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn tó ń wọ ara ọmọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn ti ń jáde tààrà láti inú sílíńdà láìsí ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ là á, ọmọ tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ lè kó sí wàhálà tí Stevie Wonder kó sí. Ìdí nìyẹn tí Íńdíà fi ń yẹ ojú gbogbo ọmọ tí kò pé ọ̀sẹ̀ 34 tàbí tí kò tó kílò méjì wò. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá wọ́ọ̀dù wa mu.

Àwọn dókítà kan tiẹ̀ ti rò nígbà kan rí pé àrùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Àìwò ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Nígbà tí àwọn dókítà LUTH wò ó, tí wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde lọ́dún 2015, nǹkan bí ọmọ 15 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní in. Láti ọdún 2017 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dupe Ademola-Popoola ti Yunifásítì Ìlọrin, Dókítà Iretiola Fajolu ti LUTH àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú Clare Gilbert láti London, ti ń kó àwọn ilé-ìwòsàn jọ kí àyẹ̀wò ojú ọmọ tuntun lè di ara iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro lóye. Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ọmọ tó wà lórí ọ́síjìn kí ìwọ̀n rẹ̀ lè wà láàárín 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọmọ bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, dókítà ojú á kán oògùn sí i lójú kí ọmọlójú lè là gbàgà, á sì wo rẹ́tínà títí dé etí. Bí ó bá bá àrùn tó le níbẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló kù láti fi ṣiṣẹ́: yálà kó fi iná lésà sun apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kó má baà ránṣẹ́ mọ́, tàbí kó gún abẹ́rẹ́ oògùn kan sínú ojú tí yóò pa iṣẹ́ tí rẹ́tínà ń rán.

Ká wá sọ pé ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Dókítà wo rẹ́tínà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, iṣan ẹ̀jẹ̀ dé etí, kò sí àrùn. Wọ́n sọ fún ìyá pé ojú ọmọ rẹ̀ dára. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó padà sí Ìdímù, kò sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú mọ́ títí olùkọ́ yóò fi ránṣẹ́ pè é pé ọmọ náà kì í da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Ohun tí wọ́n sọ fún un kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ìdajì kejì ni èyí tó lọ́ra. Nínú oyún, ẹyinjú kì í kàn tóbi sí i. Ìrísí rẹ̀ ń yí padà. Kọ́níà, awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ojú, tó jẹ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà wọlé, máa ń yọ rógódó nígbà tí oyún bá wà ní oṣù méje. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ló ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ńsì tó wà lẹ́yìn ọmọlójú nípọn níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ́lẹ́ bí ojú ti ń gbòòrò. Ẹyinjú fúnra rẹ̀ ń gùn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn: ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 17 lọ́jọ́ ìbí, ti àgbàlagbà jẹ́ 23 tàbí 24. Iwájú ojú ló ń tẹ ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Gígùn ojú ló ń pinnu bóyá orí rẹ́tínà gan-an ni ìtànṣán náà yóò ti pàdé. Bó bá pàdé kó tó dé rẹ́tínà, ohun tó wà ní ọ̀ọ́kán yóò ṣú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ́tínà ni ibi ìpàdé bọ́ sí, ojú ní láti ṣiṣẹ́ àṣekára kó tó lè rí ohun tó wà nítòsí. Bí kọ́níà kò bá sì tẹ́ dọ́gba, tó yọ lápá kan ju apá kejì lọ, ìlà tó dúró lè hàn kedere kí èyí tó dùbúlẹ̀ ṣú.

Ta ló ń sọ fún ojú pé kó dúró ní mìlímítà báyìí? Ìbéèrè yìí ti mú kí àwọn onímọ̀ ṣe oríṣiríṣi àrà. Lọ́dún 1977, Torsten Wiesel àti Elio Raviola rán ìpéǹpéjú ọmọ ọ̀bọ pa, wọ́n sì rí i pé ojú tí kò rí àwòrán gidi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn kọjá ààlà. Ní 1988, Frank Schaeffel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ lẹ́ńsì fún òròmọdìẹ. Bí lẹ́ńsì bá ti àwòrán sẹ́yìn, ojú adìẹ á gùn láti lé e bá. Bó bá fà á síwájú, ojú á dẹ́kun gígùn. Rẹ́tínà ló ń wo ibi tí àwòrán bọ́ sí, òun ló sì ń darí ìdàgbà ojú tó gbé e dání. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí oṣù wọn pé fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó kúrú díẹ̀, tí yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe láàárín ọdún mélòó kan láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ti ọmọ tó tètè dé yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọlé sí rẹ́tínà tí kò tíì gbó, nígbà tó yẹ kó ṣì wà nínú òkùnkùn. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í ríran ọ̀ọ́kán. Èyí sábà máa ń yí padà láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan kò yí padà, pàápàá àwọn tí wọ́n kéré jù lọ́jọ́ ìbí àti àwọn tí rẹ́tínà wọn ṣàìsàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo èèyàn rò. Àìríran ọ̀ọ́kán tí a sábà ń gbọ́ nípa rẹ̀, èyí tó ń ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹyinjú tó gùn jù ló ń fà á. Ní àwọn ìlú ńlá kan ní Ìlà-oòrùn Éṣíà, bí ọ̀dọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ń jáde ilé-ìwé girama ló ní in. Ní Áfíríkà ó kéré sí bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ẹyinjú ọmọ tó tètè dé ní tirẹ̀ kì í sábà gùn jù. Lọ́pọ̀ ìgbà ó tiẹ̀ kúrú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Iwájú ojú ni ọ̀ràn wà: kọ́níà ṣì yọ rógódó bó ṣe wà lóṣù méje, àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti lẹ́ńsì kò jìn, lẹ́ńsì sì nípọn. Iwájú ojú dúró sí ìrísí ọmọ ìkókó nígbà tí ara yòókù ń dàgbà lọ. Agbára tó fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wá pọ̀ ju gígùn ojú lọ.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Wọ́n ti ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn báyìí pé kí ọmọ máa ṣeré níta, kó dín fóònù kù, kí ojú rẹ̀ má baà gùn. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ọmọ yòówù kó jẹ́. Àmọ́ eré ìta kò lè tẹ́ kọ́níà tó yọ láti ọjọ́ ìbí. Ìyá tí wọ́n bá ń dá lẹ́bi pé fóònù ló ba ojú ọmọ ọdún méjì rẹ̀ jẹ́, tí ọmọ náà sì jẹ́ olóṣù méje, ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ń dì rù ú.

Ìtọ́jú àrùn rẹ́tínà náà ní ipa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lésà ń gba ojú là, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ pé apá rẹ́tínà tó sun wà lára àwọn tó ń darí ìdàgbà iwájú ojú. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí Helen Mintz-Hittner darí, tí wọ́n fi lésà wé abẹ́rẹ́, wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò nígbà tí wọ́n tó ọdún méjì àbọ̀. Nínú àwọn tí àrùn wọn wà ní àárín gbùngbùn rẹ́tínà, ju ìdajì ojú tí wọ́n fi lésà ṣe ló nílò gíláàsì tó tó -8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, kò tó ọ̀kan nínú ogún. Abẹ́rẹ́ náà kò sì wà láìní wàhálà tirẹ̀: àrùn lè padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá tó ń gbé lọ́nà jíjìn sì gbọ́dọ̀ máa gbé ọmọ padà wá fún àyẹ̀wò fún ìgbà pípẹ́. Ní Èkó, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè mú kí èèyàn pàdánù ọjọ́ ìpàdé, dókítà kan lè fara mọ́ lésà tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dá a lójú pé òun yóò rí ọmọ náà.

Kí ni -8 túmọ̀ sí? Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹni tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ -1, nǹkan hàn sí i kedere dé mítà kan, ó sì ṣú lẹ́yìn ibẹ̀. Ti -2, ìdajì mítà. Ti -5, sẹ̀ntímítà 20. Ti -8, sẹ̀ntímítà 12 àbọ̀, kò tó gígùn bíró. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò rí ọmú ìyá rẹ̀, yóò rí ìka ara rẹ̀, yóò sì máa ṣe dáadáa nílé débi pé kò sẹ́ni tó máa fura. Nígbà tó bá ń rìn, yóò máa kọsẹ̀ lára àkàsọ̀. Nígbà tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, yóò lọ fojú sún mọ́ ọn, wọ́n á sì gbá a létí pé kó kúrò níbẹ̀. Sísún mọ́ tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó sún mọ́ ọn nítorí ibẹ̀ ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí ojú méjèèjì wọn kò dọ́gba: ọ̀kan -1, èkejì -6. Èyí burú ju bó ṣe hàn lọ, nítorí ọmọ náà ń ríran dáadáa pẹ̀lú ojú kan. Ọpọlọ á kàn gba àwòrán tó mọ́, á sì kọ èyí tó ṣú sílẹ̀. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi kọjá ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ọ̀nà tó gba inú ojú kejì lọ sí ọpọlọ kò ní gbó mọ́, gíláàsì tó péye jù lọ kò sì ní fún un ní ìríran kíkún. Láàárín ìgbà náà, ojú lè dà. Ẹbí á sọ pé ó jọ bàbá àgbà. Ojú tó dà lára ọmọ tó tètè dé, ilé-ìwòsàn ló yẹ kí òbí gbé e lọ, kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tó máa tọ́ fúnra rẹ̀.

Bí èyí ti wọ́pọ̀ tó hàn nínú àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú láti ìbí ní apá East Midlands nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1985 sí 1987 ni wọ́n bí wọn, kò sì sí èyí tó wọ̀n ju gíráàmù 1,700 lọ. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, nǹkan bí ìdajì wọn ló ní ìṣòro ojú kan tàbí òmíràn. Nínú àwọn tí oṣù wọn pé, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Àwọn tí rẹ́tínà wọn kò ṣàìsàn rárá náà wà lára ìdajì yẹn. Ìdí nìyí tí àjọ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi ní kí dókítà ojú rí gbogbo ọmọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní wọ́ọ̀dù padà, láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tó bá délé, ì báà jẹ́ pé ó ní àrùn tàbí kò ní.

Ọ̀pọ̀ òbí ń béèrè bí wọ́n ṣe lè yẹ ojú ọmọ tí kò mọ A wò. Kò sí lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á kán oògùn sójú ọmọ, wọ́n á dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú kí ọmọlójú là, kí iṣan tó ń yí ìrísí lẹ́ńsì padà sì sinmi. Dókítà á wá fi ìmọ́lẹ̀ kan gba inú ọmọlójú kọjá, á máa gbé e lọ gbé e bọ̀, á sì máa wo bí ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń tàn padà ṣe ń rìn. Bó bá ń bá ìmọ́lẹ̀ dókítà rìn tàbí tó ń ta kò ó, yóò fi lẹ́ńsì oríṣiríṣi síwájú ojú ọmọ títí ìrìn náà yóò fi dúró. Láti inú nọ́ńbà lẹ́ńsì yẹn ni yóò ti ṣírò nọ́ńbà gíláàsì. Ọmọ lè máa sunkún, ó lè máa mu ọmú lọ́wọ́. Kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́ tí iṣẹ́ náà bá ti mọ́ dókítà lọ́wọ́.

Ẹ̀tanú tó wà nípa gíláàsì ló le ju àyẹ̀wò lọ. Àwọn kan gbà pé ó máa ń jẹ́ kí ojú wọnú, pé ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ kò ní lè bọ́ ọ mọ́. Gíláàsì kì í yí ìrísí ẹyinjú padà sí burúkú. Ó kàn ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ síbi tó yẹ kó balẹ̀, kí ọpọlọ lè rí àwòrán tó máa fi kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó máa ní láti wọ̀ ọ́ títí ayé, ìrísí ojú rẹ̀ ló mú un bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì ọmọdé yàtọ̀. Lẹ́ńsì ike tí kì í fọ́ wẹ́wẹ́ ló yẹ, férémù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ le, wọ́n sì máa ń fi rọ́bà so ó yí orí ká torí pé imú ọmọ kò tíì ga tó láti gbé e dúró. Àwọn gíláàsì tí wọ́n tò sórí tábìlì ní ọjà Ìkọ̀tún, ti àgbàlagbà tó fẹ́ ka Bíbélì tàbí Kùránì ni. Òdìkejì ohun tí ọmọ tí kò ríran ọ̀ọ́kán nílò ló wà nínú wọn. Nọ́ńbà náà kì í dúró lójú kan. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ sí ìkẹta ni ojú ń sáré dàgbà jù, nítorí náà dókítà lè pààrọ̀ lẹ́ńsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìnáwó náà sì jẹ́ ohun tó yẹ kí òbí gbọ́ nípa rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kó má jẹ́ pé ní ẹnu-ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni yóò ti mọ̀.

Ó sì yẹ kí èèyàn mọ ẹni tó ń lọ bá. Ọ́pítọ́mẹ́tíríìsì tó ní ìwé àṣẹ ìjọba lè wọn ojú ọmọ, ó sì lè kọ gíláàsì fún un. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n ní Alímọ̀ṣọ́. Rẹ́tínà ọmọ tó kéré jọjọ, dókítà ojú tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó wò ó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Láti Ìdímù, ìyá tó ń lọ sí Guinness Eye Centre ní LUTH lè gba Èjìgbò já sí Ìsọlọ̀, kó tó wọ Mùṣín; èyí tó ń lọ sí LASUTH lè gba Ìyànà Ìpájà. Bó bá lè jáde kí mọ́tò tó há, ó ṣe é lọ, ó ṣe é bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó yẹ kó mú dání ni ìwé tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ọmọ máa lọ sílé: ọ̀sẹ̀ tí oyún lò, ìwọ̀n ọmọ lọ́jọ́ ìbí, ọjọ́ tó lò lórí ọ́síjìn, àti bóyá lésà tàbí abẹ́rẹ́ wọ ojú rẹ̀. Ọjọ́ orí tí dókítà máa fi ṣe ìṣirò pẹ̀lú kì í ṣe láti ọjọ́ ìbí, láti ọjọ́ tó yẹ kí oyún pé ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28, tó pé oṣù mẹ́fà, ọmọ oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa kà á sí. Bí kò bá tíì máa fojú tẹ̀ lé nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́fà, ìyẹn nìkan kò tó kí ìyá rẹ̀ máa bẹ̀rù.

Ìwé yẹn kò parí iṣẹ́ nígbà tí ọmọ bá wọ ilé-ìwé. Ní Mainz, nílẹ̀ Jámánì, àwọn dókítà pe àwọn tí wọ́n bí kí oṣù wọn tó pé padà nígbà tí wọ́n ti di ẹni ọdún 18 sí 52. Kọ́níà wọn ṣì yọ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ẹyinjú wọn ṣì kúrú. Nínú ojú tí iwájú rẹ̀ kò jìn, igun tí omi inú ojú ń gbà jáde lè dí bí ọjọ́ orí ti ń lọ, kí ìfúnpá sì ga lójijì. Rẹ́tínà tí àpá ìgbà èwe wà lára rẹ̀ lè ya lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Dókítà tó bá mọ̀ pé olóṣù méje ló jókòó síwájú òun yóò wọn ìfúnpá ojú rẹ̀, yóò wo igun náà kó tó kán oògùn tó ń la ọmọlójú, yóò sì yẹ etí rẹ́tínà wò yí ká.